Kí Ni A Fẹ́ Lọ Kọ́ ní Òkè Òkun?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko ẹni tí ó tó ti baba òun. Nítorí náà, n kò wá sórí ètò yìí láti bu ẹnu àtẹ́ lu akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wá oyè kejì tàbí oyè ọ̀mọ̀wé lọ sí òkè òkun. Èrò tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tí ó ń di ẹrù ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Ní ọdún tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń bójú tó wá bẹ̀ mí pé kí n kọ ìwé ìjẹ́rìí fún òun. Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí oríkì orílẹ̀ ti lé ní ọdún mẹ́ta. Mo bi í pé, "Kí ni o fẹ́ lọ kọ́?" Ó ní, "Ẹ̀kọ́ nípa àbójútó ilé ìwòsàn ni, sà. Wọ́n ní òun ni ó ń tètè múni ríṣẹ́ lọ́hùn-ún." Mo tún bi í pé, "Ohùn àwọn ìyá arúgbó tí o gbà sílẹ̀ ńkọ́?" Ó ní, "Inú fóònù mi ni wọ́n wà, sà." Méjì nínú àwọn ìyá náà ti kú.

N kò bá a wí. Ní ọdún 2020, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, ó di oṣù kejìlá kí ó tó parí. Ní ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni a tún lò nílé. Èmi náà wà nínú àwọn tí ó da iṣẹ́ sílẹ̀. Mo mọ ìdí tí a fi ṣe é, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pẹ̀lú pé ọjọ́ orí akẹ́kọ̀ọ́ kì í yanṣẹ́ lódì.

Síbẹ̀, èrò méjì wà tí ó yẹ kí a tún ṣe. Èkíní ni pé oyè tí a gbà nílé kò tó nǹkan. Wándé Abímbọ́lá ni ẹni àkọ́kọ́ tí Yunifásítì Èkó fún ní oyè ọ̀mọ̀wé; orí Ifá ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé. Oyè ilé yìí kò dí i lọ́wọ́ láti di gíwá Yunifásítì Ifẹ̀ ní ọdún 1982, bẹ́ẹ̀ ni kò dí i lọ́wọ́ láti kọ́ni ní Amẹ́ríkà. Èkejì ni pé ẹni tí ó bá lọ ti lọ nìyẹn. Ayọ̀ Bámgbóṣé gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Edinburgh ní ọdún 1963. Ìmọ̀ ẹ̀dá èdè tí ó kọ́ níbẹ̀ ni ó fi ṣàlàyé gírámà Yorùbá nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1966. Ìbàdàn ni ó sì ti kọ́ àwọn tí ó kọ́ wa.

Àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ òde òní ti ń ṣìnà: orúkọ ìlú ni wọ́n ń kọ́kọ́ yàn, wọn kì í yan olùkọ́, wọn kì í yan ìmọ̀. Àṣìyàn bẹ́ẹ̀ sì ti wọ́n jù. Dọ́là kan tí kò tó 500 náírà ní báńkì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ti lé ní 1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ti ka á léèwọ̀ fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì láti mú ọkọ, aya tàbí ọmọ wọn dání.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tó lọ, ẹ bi ara yín pé: kí ni mo fẹ́ kọ́ tí n kò lè rí nílé, ta ni yóò sì kọ́ mi? Ẹ fi ẹ̀dà ohun tí ẹ ti kó jọ sílẹ̀ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín. Kí àwa olùkọ́ náà má sì jẹ́ kí iṣẹ́ wọn máa gba eruku lórí tábìlì wa. Òtítọ́ ni pé àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ta ni í yára padà sí ilé tí ó ń jò?

Mo kọ ìwé ìjẹ́rìí náà. Ṣùgbọ́n kí n tó fọwọ́ sí i, èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ mi jókòó, a da ohùn àwọn ìyá wọ̀nyẹn kọ sínú kọ̀ǹpútà ẹ̀ka wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó kì í.