Omi Tí A Fi Ń Du Àwọn Ọmọ Wa Lọ́jà

Èmi admin yín ni, Ìyá Oníke. Àwọn tó ní dátà àwọn kì í gbé ohùn, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí jáde, ẹ má bínú sí àṣìkọ.

Ọ̀rọ̀ owó àjọ kọ́ ni mo bá wá lónìí o. Omi mímu àwọn ọmọ kéékèèké tí à ń kó dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù ni. Gbogbo àwa tí a wà ní Kánò níbí la mọ̀ pé láti oṣù kẹta dé oṣù karùn-ún, ojú wa máa ń rí màbo. Ooru a máa gun 40, páànù orí ṣọ́ọ̀bù á gbóná bí ẹni pé wọ́n dáná lé e. Àgbà á làágùn, á na ọwọ́ mú píọ̀ wọ́tà. Ọmọdé ò rí bẹ́ẹ̀. Eré ló ń ṣe. Ara rẹ̀ á ti gbẹ kó tó rántí pé òǹgbẹ ń gbẹ òun.

Lọ́dún tó kọjá, àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún 4, bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lọ́sàn-án gangan. Ọmọ tí kì í jókòó! Ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ní orí ń fọ́ òun. Mo ní ibà ni. Mo ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, mo lò ó fún un. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ń sunkún, n ò rí omijé. Ìyẹn ló já mi láyà. Mo gbé e lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló kọ́kọ́ bi mí pé, "Ìgbà wo ló tọ̀ gbẹ̀yìn?" N ò mọ̀. Mo mọ iye bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kù nínú ọjà mi o, n ò mọ ìgbà tí ọmọ mi tọ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí ibà. Omi ló gbẹ lára rẹ̀. Wọ́n po ORS, wọ́n ní kí n máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti tọ̀, ó ti ń béèrè búrẹ́dì.

Nígbà tí a délé ni mo jókòó rò ó. Omi ò wọ́n mi, àpò-àpò ni mo ń ra píọ̀ wọ́tà. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: èmi gan-an ni n ò jẹ́ kó mu ún. Ilé ìtọ̀ ọjà wa, owó là ń san ká tó wọlé, ó sì jìnnà sí ìlà wa. Bí ọmọ bá mumi, á tọ̀. Bó bá fẹ́ tọ̀, àfi kí n ti ṣọ́ọ̀bù, tàbí kí n bẹ aládùúgbò. Bó bá ti ní "Màámi, omi," èmi á ní, "Ṣé o ò ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ún ni? O fẹ́ máa tọ̀ káàkiri, àbí?" Ọmọ gbọ́n. Ó ti rí i pé omi máa ń bí Màámi nínú. Ẹ̀yin ìyá, ẹ fọwọ́ lé àyà, ṣé èmi nìkan ni?

Ẹ dákun, oníbàárà dé, mo ń bọ̀.

Ẹn-ẹ́n, mo ti dé. Kúlà méjì ni wọ́n rà, Ọlọ́run ṣeun.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 7 náà, bí omi inú ike rẹ̀ ṣe lọ sí iléèwé ló ṣe ń bọ̀. Mo ti máa ń bá a wí. Lọ́jọ́ tí mo fara balẹ̀ bi í, ó ní ilé ìtọ̀ wọn dọ̀tí, òun ò fẹ́ wọ ibẹ̀, ìdí tóun kì í fi í mumi nìyẹn. Èmi àti ìyá méjì lọ bá olùkọ́ wọn, a fún wọn ní bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì àti ìgbálẹ̀. Ó ti sàn díẹ̀ báyìí.

Ní ṣọ́ọ̀bù, póò kékeré ni mo rà, mo fi kọ́tìnì bò ó lẹ́yìn ọjà. Póò yẹn ló tán ìjà èmi àti omi. Mo fún ọmọ ní ife tirẹ̀, àwọ̀ tó wù ú ló mú (ìpolówó ọjà kọ́ o). Bí a bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ń mu. Bí wọ́n bá pe ìrun Àyìlá, ó ń mu. Bí wọ́n bá pe Àlàásárì, ó ń mu. Ní Kánò níbí, ẹnikẹ́ni ò lè ní òun ò gbọ́ ìpè ìrun! Èmi náà á bu tèmi, a jọ ń mu ún ni. Ẹ má nà wọ́n nítorí omi, á kàn tún sú wọn ni. Bàrà pupa, ọsàn, kùkúńbà, gbogbo wọn lómi nínú. Ṣùgbọ́n mínírà àti sóbò tí ṣúgà kún inú rẹ̀, ẹ má kà á sí omi.

Ọmọ ọdún 1 sí 3, omi àti mílíìkì pa pọ̀, bí ife 4 lójúmọ́. Ọdún 4 sí 8, bí ife 5. Píọ̀ wọ́tà 50cl kan tó ife 2. Nínú ooru yìí, ó gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tí àwọn mai ruwa ń fi ọmọlanke tà, ẹ sè é, kó tutù, kẹ́ ẹ dà á sínú àmù tó ní ìdérí. Àwọn ọmọ tó ní SS, ẹ má fi omi wọn ṣeré rárá, àìmumi lè gbé ìrora wọn dìde.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 ńkọ́? Ọyàn nìkan o, omi rárá. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa àgbà ò ní gbà. Omi wà nínú ọyàn, ìyá ni kó máa mumi.

Ẹ máa wo ìtọ̀ wọn. Bó bá funfun tàbí pọ́n ráńpẹ́, ó dáa. Bó bá dà bí tíì tí kò ní mílíìkì, omi ò tó. Ọmọ tí kò bá tọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán, tí ẹnu rẹ̀ gbẹ, tí ojú rẹ̀ jìn wọnú, tí kò lókun, ẹ má dúró ní kẹ́míìsì bíi tèmi, ọsibítù ni.

Ní ìpàdé ọjọ́ Sunday, mo fẹ́ ká yan ẹni mẹ́ta tí yóò lọ bá ẹni tó ń gba owó ilé ìtọ̀ ọjà, kó jẹ́ kí àwọn ọmọ kéékèèké máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí Haúsá rẹ̀ já geere ju tèmi lọ, kó fohùn sílẹ̀. Ẹ má kàn fi àtàǹpàkò ránṣẹ́ o.