Ẹ Yẹ Ilé Tuntun Wò Dáadáa Kí Ẹ Tó Sanwó

A mọ̀ pé gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì kò lè dà bí ilé ẹni, ọ̀pọ̀ yín sì ti ń wo àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń tà. Kí owó tó ṣẹ́ kù má baà tún bómi lọ, a bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tuntun tàn yín jẹ.

Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ní Ìbàdàn níbí, odò Ògùnpa ya wọ ìgboro ní 1980; ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún dé. Ibi tí omi ti gbà rí, ó lè tún un gbà. Àwọn aládùúgbò ni kí ẹ bi léèrè ibi tí omi máa ń dé, kì í ṣe ẹni tó ń talé.

Ẹ lọ wo ilé náà lẹ́yìn òjò ńlá. Ṣé àjà rin? Bí ọ̀dà bá ń ṣí nísàlẹ̀ ògiri, tàbí tí nǹkan funfun bí iyọ̀ ń yọ síta, ó ṣeé ṣe kí omi máa fà láti ilẹ̀ wá. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n tún kùn, ẹ béèrè ìdí.

Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ha ibi tí wọn kò tíì kùn. Bó bá ń dà bí iyanrìn lásán, simẹ́ńtì kò tó. Ògiri tó sán tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun lè máà léwu. Ṣùgbọ́n èyí tó fẹ̀, tó gba igun fèrèsé lọ ní ìdábùú, lè jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ń rì. Bí irin bá yọ síta lára òpó, tó ti dógùn-ún, ẹ má sanwó.

Ẹ da omi sílẹ̀ balùwẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ojú ihò ló ń lọ.

Ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Ẹ mú bíríkìlà tàbí ẹnjiníà tí ẹ fúnra yín yàn dání. Àtúnṣe tí olùtajà bá ṣèlérí, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì di díẹ̀ mú nínú owó títí yóò fi ṣe é.

Nínú àkàwé Olúwa wa, òjò kan náà ló rọ̀ sórí ilé méjèèjì. Ìpìlẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹ fẹ̀sọ̀ ṣe é. A wà pẹ̀lú yín.