Ibi Tí Ìgbì Òkun Ti Ń Pàdé Omi Ọ̀sà

 

Omi tó wà lẹ́yìn Bàrígà yìí, ní Èkó, tí àwọn awayanrìn ń fi ọkọ̀ onígbòkun ná, ọ̀sà ni, àmọ́ òkun ló ń pàṣẹ fún un. Ẹnu ọ̀nà ńlá tí ọ̀sà ń gbà jáde ni Commodore Channel, láàárín Victoria Island àti Tarkwa Bay. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ń kún wọlé níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń fà padà. Kíkún yẹn kò ju bíi mítà kan lọ, ṣùgbọ́n ọ̀sà fẹ̀, ẹnu rẹ̀ há, tipátipá ni omi fi ń gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà òjò, tí odò Ògùn bá kún dé, ìfà náà á tún le sí i.

Ìgbì ní tirẹ̀, ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀. Ìjì tó ń jà ní gúúsù òkun Àtìláńtíìkì ló ń gbé e dìde, ọjọ́ mélòó kan ló sì fi ń rìn kó tó dé Èkó. Bí òun àti ìṣàn omi bá jọ kọrí sí ọ̀nà kan, ìgbì á gùn, á rọlẹ̀. Bí wọ́n bá dojú kọ ara wọn, ìṣàn á fún ìgbì pọ̀: á kúrú, á ga, á dúró ṣánṣán, á sì fọ́. Ìdí nìyí tí ibi tó tòrò láàárọ̀ fi lè dojú ọkọ̀ dé lọ́sàn-án, nígbà tí ọ̀sà bá ń fà jáde tí ìgbì sì ń wọlé. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n, wọ́n ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.

Ìgbì náà kì í kọlu etíkun lóòró gangan, ó máa ń dágùn-ún ni. Nítorí náà ni ìṣàn kan fi ń kó yanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Yanrìn yìí ló dí ẹnu ọ̀nà láyé àtijọ́, tí ọkọ̀ òkun ńlá kò fi lè wọ Èkó, tí wọ́n fi ń já ẹrù sí èbúté Forcados. Láti ọdún 1908 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ògiri òkúta síbẹ̀. Ọkọ̀ rí ọ̀nà wọlé, àmọ́ yanrìn há sí ìwọ̀ oòrùn, ebi yanrìn sì ń pa etíkun Bar Beach ní ìlà oòrùn. Òkun jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń da yanrìn sí i, òkun sì ń kó o lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ etíkun Kuramo, ẹ̀mí ṣòfò. Ògiri ńlá ìlú tuntun Eko Atlantic ló ń dáàbò bo apá ibẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ìṣàn yẹn kò dáwọ́ dúró: níbi tí ògiri bá parí sí, ibẹ̀ ni yóò ti máa wá yanrìn tí yóò kó.

Kí ló kan Bàrígà níbẹ̀? Fífẹ̀ tí ọ̀sà fẹ̀ ló ń fún ìfà lágbára láti gbá yanrìn kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bí a bá ń dí ọ̀sà níhìn-ín láti kọ́lé, omi tó ń wọlé tó ń jáde á dín kù, ẹnu ọ̀nà á sì máa kún. Mo bẹ ìjọba àti ẹ̀yin olórí àdúgbò: kí ẹnikẹ́ni tó tún da yanrìn sínú ọ̀sà yìí, ẹ jẹ́ kí àwọn onímọ̀ omi àti àwọn apẹja kọ́kọ́ jókòó yẹ̀ ẹ́ wò.