Yíyún Ojú Ara Tí Kì Í Yéé Padà: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Obìnrin Ẹgbẹ́ Wa Sọ

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, inú yàrá la ti máa ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Obìnrin nìkan ló jókòó níbí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀.

Ọdún kan wà tí ojú ara mi yún mí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Omi funfun tó ki bí ògì, tí kò rùn, ń jáde. Bí mo bá sì tọ̀, a máa ta mí bí ata. Wọ́n ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti kó o, mo gbà. Mo po álọ́ọ̀mù mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, mo ń fi fọ inú ara láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó rọlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó tún padà, tòun ti egbò. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ti fi kọ́ ọmọge mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ yìí.

Ìyá ẹlẹ́wé ọmọ kan lọ́jà ló bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí: "Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀melòó lo máa ń jí tọ̀ lóru?" Mo ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Kò ta ewé fún mi. Ó ní kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Àtọ̀gbẹ ni wọ́n bá níbẹ̀.

Candida ni orúkọ ohun tó ń yún ni yìí, ìbátan ìwúkàrà ni. Ó ń gbé lára ọ̀pọ̀ obìnrin tí ara wọn dá, láìpa wọ́n lára. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ a máa bọ́ ọ; oyún náà lè jẹ́ kó pọ̀; oògùn apakòkòrò a sì máa pa àwọn kòkòrò rere tó ń ṣọ́ ojú ara. Èmi fi álọ́ọ̀mù lé ẹ̀ṣọ́ ara mi jáde.

Bó bá ṣe yín ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún kan, ẹ má ra oògùn fúnra yín mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ omi náà wò, nítorí èyí tó bá ń rùn bí ẹja, àìsàn mìíràn ni. Fluconazole 150 miligíráàmù, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù 6, ni wọ́n kọ fún mi lẹ́yìn tí ìyún náà lọ. Kì í ṣe oògùn aláboyún. Gbogbo àgbo tí mo ń mu ni mo kà fún dókítà, torí fluconazole kì í bá gbogbo oògùn rẹ́.

Àṣà wa ńkọ́? Omi mímọ́ lásán ni mo fi ń fọ òde, n kì í fọ inú. Mo padà sí aṣọ òwú. Ìró nìkan ni mo ń ró sùn, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe. Aáyù tí àwọn kan ń kì bọ ojú ara, ẹ gbé e lọ sínú ọbẹ̀, ó ń bó ni lára.

Mo ti rí méjì nínú àwọn ọmọge mẹ́ta náà. Ìkẹta, bí o bá wà níjokòó, dúró dè mí lẹ́yìn ìpàdé. Èmi fúnra mi ni n ó sìn ọ́ lọ.