Ká Pààrọ̀ Ọkọ̀ àbí Ká Tún Ti Ọwọ́ Wa Ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ bá wa sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò tó ṣáájú ayẹyẹ ọdún kẹwàá

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń wọ bọ́ọ̀sì láti Èkó wá sípàdé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lónìí, ẹni tó bá pẹ́ díẹ̀ kì í rí ibi tí yóò gbé ọkọ̀ sí mọ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí gan-an ni ìgbìmọ̀ ní kí a wá bá yín sọ. Alukoro ni wá nínú ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ìdí iṣẹ́ báǹkì ni a ti ń jẹun, nítorí náà ẹ má bínú bí a bá ń pe náírà àti kọ́bọ̀ lẹ́nu jù.

Ìwé mọ́kànlá ló wà níwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó báyìí. Mẹ́jọ nínú wọn kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀ kí ọdún kẹwàá tó dé. Nínú mẹ́ta tó kù, ọ̀kan fẹ́ san owó yunifásítì ọmọ, ọ̀kan fẹ́ fi kún ọjà inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọ̀kan sì fẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá rẹ̀. A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Owó tó wà nínú àpò ẹ̀yáwó wa kò tó ìdajì ohun tí ìwé mọ́kànlá náà ń béèrè. Bí a bá dá àwọn ọlọ́kọ̀ lóhùn tán, kí la ó sọ fún ẹni tí ìyá rẹ̀ kò ríran mọ́? Ohun tó gbé wa dìde nìyẹn.

Ọkọ̀ tó pọ̀ jù nínú àwọn mẹ́jọ náà ni Toyota Camry. Ẹni tó ń wa Big Daddy, ti 2003 sí 2006, fẹ́ bọ́ sí Muscle. Ẹni tó ń wa Muscle, ti 2007 sí 2011, fẹ́ bọ́ sí èyí tó jáde ní 2012. Corolla náà wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ní jíìpù lòun fẹ́ rà, ẹ jẹ́ ká kí ara wa kú ìwà pẹ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ojú ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára inú rẹ̀. Ní Ládípọ̀ ní Mushin, àti lọ́dọ̀ àwọn panẹ́bítà káàkiri, iṣẹ́ kan wà tó ti di òwò gidi. Wọ́n á tú iná iwájú, bọ́ńpà àti gírììlì Camry 2007, wọ́n á gbé ti 2010 sí i. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọkọ̀ ti sọ ọdún mẹ́ta nù kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá mọ ohun tó ṣe. Ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní iye owó 2010 ni ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ má fi ojú ra ọkọ̀, nọ́ńbà ṣáásì ni kí ẹ kà. Nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, tí tòkunbọ̀ wa kún fún, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ló máa ń wà níbẹ̀, èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló sì ń sọ ọdún ọkọ̀. 7 ni 2007, 8 ni 2008, 9 ni 2009. Láti 2010 ló ti bọ́ sí lẹ́tà: A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé H tó jẹ́ 2017. Wọ́n fo lẹ́tà I, J sì di 2018. Nọ́ńbà yìí kan náà ló gbọ́dọ̀ wà lára ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí méjèèjì kò bá bá ara wọn mu, ẹ kí ẹni tó ń tà á, kí ẹ máa lọ sílé yín.

Inú ọkọ̀ wá ńkọ́? Muscle oní-sílíńdà mẹ́rin ti 2007 sí 2009 ń lo ẹ́ńjìnnì 2.4. Ọkọ̀ tó lágbára ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì yẹn ló ń mu ọ́ìlì. Toyota fúnra rẹ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àfikún àkókò láti wá gbà á tún ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Písítìn àti rìngì rẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀. Tòkunbọ̀ tó kan ọ̀dọ̀ wa lè ti gba ìtọ́jú yẹn, ó sì lè má gbà á. Nígbà tó di 2010, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì 2.5 sínú ara kan náà, jíà rẹ̀ sì di mẹ́fà, kì í ṣe márùn-ún mọ́. Nítorí náà, Muscle méjì lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìbejì, kí ọ̀kan máa mu ọ́ìlì, kí èkejì má mu ún. Tiwa ni pé, ẹni tó ń wa 2007 tó sì ń wá ìsinmi, kò yẹ kó fo 2010 àti 2011 kọjá kìkì nítorí pé ojú wọn kò yàtọ̀ tó.

Ẹni tó ní 2.4 lọ́wọ́, kó tó sọ pé ọkọ̀ òun ti gbó, kó kun ọ́ìlì dé àmì òkè, kó wa ọkọ̀ náà fún 1,000 kìlómítà, kó tún fa ọ̀pá ìwọ̀n yọ. Bí ọkọ̀ bá ń jẹ tó lítà kan láàárín 2,000 kìlómítà, ọ̀rọ̀ ti di ti ilé ìwòsàn. Bí kò bá jẹ tó bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì yín ṣì lẹ́mìí, ó lè jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì, táyà, èésì àti aṣọ ìjókòó ló ń mú kí ọkọ̀ rí bí arúgbó lójú yín.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé ọkọ̀ ọwọ́ wa yóò tà ní mílíọ̀nù mẹ́rin náírà, tí èyí tí ojú wa wà lára rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Mílíọ̀nù márùn-ún ni a ó lọ wá. Báǹkì Àpapọ̀ gbé èlé ìpìlẹ̀ rẹ̀ láti 18.75 nínú ọgọ́rùn-ún ní July 2023 dé 27.50 ní November 2024, ẹni tó bá sì fẹ́ yáwó ọkọ̀ lórí irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè retí ẹ̀dínwó. Ká fi 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ṣe é, fún ọdún mẹ́ta. Bí èlé bá ń dín kù bí gbèsè ti ń dín kù, nǹkan bí ₦212,000 ni ẹ ó máa san lóṣooṣù. Nígbà tí ẹ bá fi san tán, mílíọ̀nù márùn-ún ti di ₦7,640,000. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní flat, tí èlé wà lórí gbogbo mílíọ̀nù márùn-ún láti oṣù kìíní títí dé oṣù kẹrìndínlógójì, nǹkan bí ₦264,000 ni lóṣooṣù, èlé nìkan yóò sì jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀. Ìwé méjèèjì ló kọ 30 sórí. Ẹ béèrè èwo ni kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Àwa tó wà nínú iṣẹ́ náà la sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní epo tí ọkọ̀ tuntun yóò máa fi pamọ́ ni yóò san án. Ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ni pé Camry 2.4 ti 2007 ń rin máìlì 24 lórí gálọ́ọ̀nù kan, tí ti 2012 ń rin 28. Ẹni tó ń wa 20,000 kìlómítà lọ́dún yóò dín nǹkan bí 280 lítà kù. Bí lítà kan bá jẹ́ ₦900, ₦252,000 nìyẹn lọ́dún. Owó ni o. Ṣùgbọ́n èlé tó rọ̀ jù nínú méjì tí a kà sókè yìí jẹ́ ₦880,000 lọ́dún, tí ẹ bá pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Epo kò lè gbé e. Ẹ tún fi owó adójútòfò kún un. Third party ti di ₦15,000 láti January 2023, ṣùgbọ́n báǹkì tó yá ni lówó ọkọ̀ máa ń fẹ́ comprehensive, èyí tí kò gbọ́dọ̀ dín sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀. Lórí mílíọ̀nù mẹ́sàn-án, ₦450,000 ni, lọ́dọọdún.

A tún ń gbọ́ ọ kí àwọn kan máa sọ pé ọkọ̀ ń gbówó lé owó, pé ẹni tó ra Camry ní 2019 lè tà á lónìí kó jèrè. Náírà ló rọ̀. Dólà kan tó jẹ́ nǹkan bí ₦460 ní ọjà ìjọba nígbà tí June 2023 bẹ̀rẹ̀ ti kọjá ₦1,500 kí 2024 tó parí. Ẹni tó ta ọkọ̀ rẹ̀ ní owó gọbọi, ọjà kan náà ló máa padà sí láti lọ ra òmíràn, owó gọbọi ni wọ́n á sì pe ìyẹn náà fún un. Kò sí èrè níbẹ̀, àfi fún ẹni tó bá fẹ́ máa fi ẹsẹ̀ rìn.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má pààrọ̀ ọkọ̀. Àwọn kan wà nínú wa tó yẹ kí wọ́n ti pààrọ̀ ọ tipẹ́. Ọkọ̀ tí ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ rẹ̀, tàbí tí wọ́n gé sí méjì kí wọ́n tó jó o pọ̀, kì í ṣe ohun tí a ń fi ọmọ sí nínú lójú ọ̀nà Ṣágámù. Corolla 2003 sí 2007 wà lára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n pè padà ní Amẹ́ríkà nítorí àpò afẹ́fẹ́ Takata. Ooru àti ọ̀rinrin máa ń ba oògùn inú rẹ̀ jẹ́, débi pé bí àpò náà bá ṣí lọ́jọ́ ìjàǹbá, ó lè fọ́n irin sí ẹni tó jókòó síwájú. Ooru àti ọ̀rinrin, ilé wa nìyẹn! Ẹ fi nọ́ńbà ṣáásì yín wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì àjọ NHTSA ti Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Bákan náà ni ẹni tí ọkọ̀ ń dá dúró lọ́nà ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù. Owó mẹkáníìkì nìkan kọ́ ni kó kà, kó ka ọjọ́ iṣẹ́ tó pàdánù mọ́ ọn. Àti ẹni tí ọmọkùnrin mẹ́ta rẹ̀ ti ga jù ú lọ tí wọ́n ṣì ń ká ẹsẹ̀ jọ sẹ́yìn Corolla, a bá a kẹ́dùn, a sì gbọ́ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé tó pọ̀ jù nínú mẹ́jọ yẹn kò sọ ìpẹtà, kò sọ ẹ́ńjìnnì. Ohun tí wọ́n kọ ni “nítorí ayẹyẹ”. Ẹ jẹ́ ká rántí bí Ojúde Ọba ṣe rí. Ẹsẹ̀ ni rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ fi ń jó kọjá, ẹṣin ni ti àwọn ìdílé Balógun. Aṣọ ni wọ́n fi ń dá ẹgbẹ́ mọ̀, àti fìlà, àti bí a ṣe tò. Ibi tí ọkọ̀ wa yóò wà lọ́jọ́ náà, ọmọ tó ń ta omi tútù nìkan ló máa rí i. Ẹ̀yin aya wa sì lẹ mọ̀ jù wá lọ: nígbà tí báǹkì bá ń fa ₦212,000 yọ lóṣooṣù, owó oúnjẹ ni wọ́n ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn nínú ilé.

Nítorí náà, ohun tí ìgbìmọ̀ ń mú wá síwájú ilé yìí fún ìdìbò ni pé kí a kọ́kọ́ dá ìwé mẹ́ta tí kì í ṣe ti ọkọ̀ lóhùn, ní kíkún. Èyí tó bá kù, kí a pín in sí ẹ̀yáwó kékeré fún àtúnṣe ọkọ̀: ṣọ́ọ̀kì, táyà, bíréèkì, èésì, ọ̀dà. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò bá ṣeé tún ṣe mọ́ ni kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ojú ọkọ̀ rẹ̀ sú. Àwọn kan yóò bínú sí wa, a mọ̀. Ọ̀rẹ́ wa ni wọ́n, wọn ò sì ní pẹ́ bínú.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa méjì tó jẹ́ ẹnjiníà ti gbà láti yẹ àwọn ọkọ̀ náà wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀sán Sátidé tó ń bọ̀, ní gbàgede tí a ti ń ṣèpàdé. Kí olúkúlùkù àwọn mẹ́jọ náà mú ọkọ̀ rẹ̀ wá, pẹ̀lú nọ́ńbà ṣáásì àti ìwé gbogbo owó tó ná lórí rẹ̀ láti oṣù méjìlá sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá tọ́jú ìwé, kó kọ èyí tó bá rántí sórí bébà, kó fọwọ́ sí i, kí aya rẹ̀ náà sì fọwọ́ sí i.