Dókítà, Aláìsàn àti Ará Ilé Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ sọ



Ìwé tí à ń kọ sí ẹni tó jẹ gbèsè kì í béèrè bóyá ara onítọ̀hún le. Ohun tó mú wa sọ̀rọ̀ dókítà lónìí nìyẹn.

Lọ́dún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Arò. Kò fi gbogbo wọn sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ó fi wọ́n wọ̀ sí àwọn abúlé tó wà nítòsí, tàwọn ti ìbátan kan, bóyá ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n, tí yóò máa dáná fún aláìsàn, tí yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àti oògùn, aláìsàn lè bá àwọn ará abúlé lọ sóko, kó sì bá wọn ṣe àríyá. Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú, nítorí wọ́n mọ ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn wọn. Àwọn ará abúlé ń gba owó ilé. Wọ́n sì rí owó yá láti fi kọ́ ilé kún ilé. Ẹ̀yin akápò, ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa!

Kì í ṣe àìsàn ọpọlọ nìkan ni èyí bá mu. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ojoojúmọ́ ni à ń lò ó, bí ara tilẹ̀ yá gágá. Dókítà tó kọ ọ́ fún ìyá aláta, tí kò béèrè bóyá apá rẹ̀ ká a, ìwé lásán ló kọ. Ṣùgbọ́n àwa náà a máa fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún dókítà. A ó mu àgbo, a ó ní a kò mu nǹkan kan. Gbèsè kò jẹ́ ká sùn, a ó ní orí ló ń fọ́ wa. Báwo ni yóò ṣe mọ̀?

Ohun tí a fẹ́ kí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan mú lọ sílé rèé: bí ọmọ ẹgbẹ́ bá pa ìpàdé méjì jẹ, kí ẹni méjì lọ wò ó kí akọ̀wé tó kọ ìwé gbèsè. Bó bá jẹ́ àìsàn ni, kí wọ́n béèrè ẹni tó ń bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí kò bá ní ẹnìkan, kí ẹgbẹ́ yan ẹnìkan fún un.

A ó gba ìbéèrè yín báyìí.