Apótí Oníkọ́kọ́rọ́ Mẹ́ta

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fẹ́ ka ọ̀rọ̀ náà dípò kí ẹ gbọ́ ọ, tiyín rèé.

Ọ̀rọ̀ ilé báńkì àtijọ́ ni mo gbé wá lónìí. Tí ẹ bá wakọ̀ gba àwọn ìlú kéékèèké ilẹ̀ Britain kọjá, ẹ ó rí wọn: ilé olókùúta, ilẹ̀kùn ńlá, orúkọ báńkì tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri. Tí ẹ bá wọlé, ẹ lè rí i pé kọfí ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Wọ́n kọ́ wọn gàgàrà bẹ́ẹ̀ kí ẹni tó bá rí wọn lè sọ pé, "Owó mi kò lè sọnù níbí."

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kò tóbi rárá. Ó wà ní Ruthwell, abúlé kan nítòsí Dumfries ní gúúsù Skọ́tíláǹdì. Ilé kékeré ni, bí ilé àgbẹ̀. Àlùfáà abúlé náà, Henry Duncan, ló ṣí báńkì síbẹ̀ ní ọdún 1810.

Kí ló dé tí àlùfáà fi ń ṣí báńkì? Báńkì wà nígbà náà, àmọ́ kì í ṣe fún mẹ̀kúnnù. Èèyàn gbọ́dọ̀ ní pọ́n-ùn 10 kí wọ́n tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Níbo ni alágbàṣe oko tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ ti fẹ́ rí i? Duncan ti ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Liverpool kó tó di àlùfáà, nítorí náà ó mọ bí owó ṣe ń rìn. Ó ní kí wọ́n mú sísì kan wá. Ẹ bi àwọn bàbá àgbà yín, wọ́n mọ sísì, torí Nàìjíríà náà ná an rí. Sísì 40 ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Ìyẹn ni pé ibi tí àwọn yòókù ti ń béèrè sísì 400, ẹyọ kan ni Duncan béèrè.

Ó kó owó kéékèèké yẹn jọ, ó fi í sí báńkì ńlá kan tó ń san èlé lé e lórí. Ní ọdún àkọ́kọ́, pọ́n-ùn 151 ni wọ́n rí kó jọ. Ọ̀nà rẹ̀ tàn kálẹ̀. Inú irú báńkì bẹ́ẹ̀ ni TSB tí ẹ mọ̀ ti jáde.

Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn yìí ni apótí owó wọn. Àgádágodo mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, ọwọ́ èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ wọn wà. Bí ẹnì kan kò bá sí níbẹ̀, kò ní ṣí. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ní wọ́ọ̀dù, oògùn tó lágbára bíi morphine, èèyàn méjì ló máa ń fọwọ́ sí i. Kì í ṣe pé wọ́n fura sí wa. Ó ń dáàbò bo aláìsàn, ó sì ń dáàbò bo àwa náà.

Àwọn kan nínú yín ń fojú kéré àjọ tí màmá yín ń dá. Ẹ ní nǹkan ayé àtijọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé èésú dé Trinidad. Susu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní. Èésú kì í san èlé bíi báńkì Duncan, àmọ́ ìpìlẹ̀ kan náà ni: owó kékeré, àwọn tó mọra wọn, àti ìgbẹ́kẹ̀lé.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni kọ́kọ́rọ́. Nínú ọ̀pọ̀ àjọ wa níbí, ẹnì kan ṣoṣo ni owó gbogbo èèyàn ń wọlé sí àkáǹtì rẹ̀. Olóòótọ́ ni màmá yẹn, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n àrùn rọpárọsẹ̀ kì í bi èèyàn bóyá ó jẹ́ olóòótọ́. Bí ó bá dùbúlẹ̀ lójijì tí kò lè sọ̀rọ̀, ta ló mọ ẹni tó ti san, ẹni tó kàn láti gbà? Bí ó bá kú ńkọ́? Báńkì lè ti àkáǹtì náà pa, kí owó èèyàn mẹ́wàá há síbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ pe màmá yín lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ tó rọra béèrè: "Mọ́mì, ta ló tún ní orúkọ àwọn tó ń dájọ lọ́wọ́?" Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ bá wọn kọ ọ́ sílẹ̀, kí èèyàn méjì mìíràn ní ẹ̀dà rẹ̀. Bí owó náà bá pọ̀, ẹ lọ béèrè ní báńkì nípa àkáǹtì tí èèyàn méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí owó tó jáde.

Ilé kékeré ti Ruthwell kò ní òpó gàgàrà kankan. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣọ́ owó àwọn tálákà.

Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi: ní ilé tiyín, àjọ ni wọ́n ń pè é ni, àbí èésú? Ó dìgbà kan ná.